Ogójì Ìṣísẹ̀ Dàńdógó

"Ta ló gbé garawa mi?"

Ohùn Sùwéébátù, obìnrin tó ń kọ́ ẹṣin, já lu ọgbà ẹṣin náà bí ìgbà tí páànù já bọ́ láti orí òrùlé. Adìyẹ sá. Ajá tó sùn sídìí gàárì dìde, ó wo ìhín, ó wo ọ̀hún, ó sì padà dùbúlẹ̀, torí ó mọ̀ pé òun kọ́ ló gbé garawa.

Táíyé, géńdé tó ń tọ́jú àwọn ẹṣin, yọ láti ẹ̀yìn òkìtì koríko, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń retí oríyìn.

"Ìyá wa, ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni mo gbé e. Òjò àná ti sọ pápá wa di ẹrẹ̀. Mo ní kí àwọn àlejò wa má lọ ba bàtà olówó ńlá jẹ́. Mo bá gbé pápá náà lódindi sápá ọ̀dọ̀ géètì. Pákó, garawa, gbogbo ẹ̀! Látàárọ̀ kùtù ni mo ti ń ṣe é. Ẹ ò tiẹ̀ ní kí mi?"

Sùwéébátù ò lè kí i. Ó ń wo àwọn garawa ọ̀dà mẹ́jọ náà, lẹ́tà funfun lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. A, K, E, H, C, M, B, F. Ọjọ́ tí Táíyé kọ́kọ́ débẹ̀ ló ti ní ẹni tó to lẹ́tà báyìí ò lè ti kọjá kíláàsì kìíní. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó dá eré náà sílẹ̀ lókè òkun ṣe tò ó nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń tò ó ní ọgbà wọn ní Asese. Wọn kì í kọ́ ẹṣin ní eré sísá níbẹ̀, wọn kì í sì í kọ́ ọ ní póló. Ìrìn ẹ̀yẹ ni wọ́n ń kọ́ ọ, èyí tí wọ́n ń pè ní dírẹ́sáàjì. Ẹṣin á máa gbẹ́sẹ̀ sókè bí ìyàwó tuntun tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sáṣọ, á yí po nídìí garawa tó yẹ, á dúró wámúwámú láàárín pápá, á sì tẹrí ba. Ẹni tó gùn ún ò gbọdọ̀ la ẹnu. Ẹsẹ̀ àti ìjánu ló fi ń bá a sọ̀rọ̀.

"Táíyé," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "O ti pa mí."

Ohun tí Táíyé ò mọ̀ ni pé Dàńdógó, ẹṣin dúdú ńlá tí àwọn àlejò ń bọ̀ wá rà, kò ríran. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ṣú tán. Sùwéébátù ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rántí abo ẹṣin pupa tó dá lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló wá gbé e. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tó ń lọ, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé àwọn kan ń jẹ ẹran ẹṣin.

Nítorí náà, ní àràárọ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni jí, Sùwéébátù á gun Dàńdógó wọ pápá. Ogójì ìṣísẹ̀ gígùn láti garawa A dé garawa C. Níbẹ̀, ewé igi dóńgóyárò á máa dún lókè etí ẹṣin náà, yóò sì mọ̀ pé ó tó àyè láti yí. Dàńdógó kọ́ pápá náà sórí bí ọmọ ilé kéú ṣe ń kọ́ sùúrà.

Ní báyìí, Táíyé ti gbé pápá jìnnà sí igi. Pákó tó ga dé orúnkún ló wà ní òpin rẹ̀, ẹrẹ̀ tó ń yọ̀ ló wà lẹ́yìn pákó, igi dóńgóyárò sì dúró lọ́hùn-ún lẹ́yìn ẹrẹ̀.

"Ó yá, ká dá a padà. Gbé A, kí n gbé K," ni Sùwéébátù wí fún Táíyé.

Fèrè ọkọ̀ dún ní géètì. Bàbá Ọlágòkè, tó ni ọgbà náà, ti ń fi agbádá ńlá gbá ilẹ̀ bọ̀, ó ń ṣe ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀. Obìnrin tó ń tẹ̀ lé e, Màdáámù Àjíbíkẹ́, ló fẹ́ ra ẹṣin fún ọmọ rẹ̀ Fọláwẹ̀mí, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Garawa A ṣì wà lọ́wọ́ Táíyé. Ó rọra gbé e kalẹ̀ síbi tó ti gbé e.

Kí lèèyàn ó ṣe? Sùwéébátù gun ẹṣin.

Ó ń ka ìṣísẹ̀ sínú. Nígbà tí ó di ogójì, kò sí ewé tó dún. Dàńdógó fẹ́ máa lọ, ó ń wá igi rẹ̀. Sùwéébátù fa ìjánu, ó fẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ara ẹṣin náà gbọ̀n rìrì, bí ẹni tí wọ́n ní kó fò sínú kànga. Ṣùgbọ́n ó yí. Ó gba obìnrin náà gbọ́ ju etí ara rẹ̀ lọ. Ó jó títí, ó dúró láàárín, ó sì tẹrí ba.

Àtẹ́wọ́ sọ.

"Ah! Ó ń jó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè!" ni Màdáámù Àjíbíkẹ́ wí.

"Dàńdógó kọjá ẹ̀wù àbínúdá, màdáámù," Bàbá Ọlágòkè dáhùn. "Ọdún méje la fi kọ́ ọ."

Sùwéébátù sọ̀ kalẹ̀, òógùn bò ó. Ó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ títí ó fi dà bí òótọ́: òun á tẹ̀ lé ẹṣin náà lọ sí ilé màdáámù ní Ìbafò, òun á fi sùúrù fi ilẹ̀ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n gùn ún! Ẹ̀ẹ̀kan péré!"

"Gùn ún, ọmọ mi," ni Bàbá Ọlágòkè wí, kí Sùwéébátù tó lanu. Táíyé ti fa ẹṣin dé ìdí garawa A, ó sì ti gbé ọmọ náà gùn ún.

Ìyá ọmọ gbé fóònù sókè. "Fọláwẹ̀mí, wo ibí! Rẹ́rìn-ín!"

Ọmọ náà kọjú sí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. Dàńdógó gbéra. Mẹ́wàá. Ogún. Sùwéébátù ń kà á. Nígbà tí ó di ọgbọ̀n, ó rí etí ẹṣin náà méjèèjì tó nà síwájú, tó ń wá ewé.

Sùwéébátù, obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún, sáré. Ó fo pákó, ó fara rẹ̀ dí òpin pápá, àyà ẹṣin sì sọ lu àyà rẹ̀ gbì! Dàńdógó dúró. Fọláwẹ̀mí rọ̀ mọ́ ọrùn ẹṣin, ó figbe ta.

"Ṣé orí yín pé báyìí?" Màdáámù Àjíbíkẹ́ pariwo. "Ẹ fẹ́ pa ọmọ mi?"

"Kò ríran, mà." Èémí Sùwéébátù ò já geere. "Ẹṣin yìí ò ríran. Ojú rẹ̀ méjèèjì."

Màdáámù gbé ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni yọ ọ́ nínú iná. Ó sọ̀rọ̀ sí Bàbá Ọlágòkè, ó sọ̀rọ̀ sí ìran Bàbá Ọlágòkè, ó sì ń bú wọn lọ títí dé géètì. Ọmọ náà nìkan ló bojú wẹ̀yìn wo Sùwéébátù.

"Mà, ta ló wá ń fọ̀nà hàn án?"

Ìyá rẹ̀ fà á wọnú ọkọ̀. Ọkọ̀ wọn lọ.

Sùwéébátù yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú yanrìn. "Ẹ dárí jì mí, sà. Mo fi pa mọ́ fún yín. Oṣù mẹ́jọ."

Bàbá Ọlágòkè wò ó bí ẹni tó ti rẹ̀ tipẹ́.

"Kí lo fi pa mọ́? Oṣù karùn-ún rèé tí mo ti mọ̀. Mò ń wò ọ́ lójú fèrèsé ní àràárọ̀, ìwọ àti afọ́jú rẹ. Ta lo rò pé ó ní kí dókítà ẹranko má wá mọ́?"

Sùwéébátù gbàgbé láti dìde. "Ẹ mọ̀, sà? Ẹ mọ̀, ẹ wá ní kí ọmọ ọlọ́mọ gùn ún?"

"Ìwọ náà mọ̀. Ìwọ lo di gàárì fún un."

Ọ̀rọ̀ náà lù ú ju àyà ẹṣin lọ. Kò sí ibi tó lè gbé e sí.

"Lọ́jọ́ Ajé," bàbá náà ní, "ọkọ̀ akẹ́rù á wá gbé e."

"Ẹ fún mi, sà."

"Kí lo fẹ́ fi afọ́jú ẹṣin ṣe?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ẹ ṣáà fún mi."

Bàbá Ọlágòkè ká apá agbádá sórí èjìká. "Mú un. Ṣùgbọ́n tó o bá ti mú un jáde ní géètì yìí, má padà wọlé. Ta ló máa ra ẹṣin lọ́wọ́ mi mọ́ tí wọ́n bá rí ọ níbí?"

Ọdún méjìlélógún ni Sùwéébátù ti lò níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń ti ẹṣin náà wọ ọkọ̀, Táíyé ń nu ojú bí ẹni pé eruku ni. "Ìyá wa, èmi ni mo fà á. Ká ní mi ò gbé garawa ni..."

"Ká ní o ò gbé e, ǹ bá má sọ. Ilé wọn ni ẹṣin ì bá ti ṣubú lu ọmọ yẹn." Ó fọwọ́ gbá a léjìká. "O ṣeun, Táíyé. Oríyìn tí ò ń retí láàárọ̀ nìyẹn."

Táíyé ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka dóńgóyárò kan, ó jù ú sẹ́yìn ọkọ̀.

Ní Ifọ̀, ẹ̀yìnkùlé bàbá Sùwéébátù tó ti kú ni Dàńdógó ń gbé. Àwọn aládùúgbò ń yọjú lórí ògiri. "Ìyá Ẹlẹ́ṣin, ṣé ọ̀kadà tuntun rèé? Èló ni dé ọjà?" Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì wọlé. Ó so ẹ̀ka igi náà mọ́ ògiri kí ewé rẹ̀ lè máa dún. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ kan, ewé ti gbẹ, ó ti já dànù, ó ku igi lásán.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹṣin náà fi dúró lójú kan, tí kò gbẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, Sùwéébátù di ìjánu mú, kò di gàárì. Láti ẹnu kànga dé ibi ògiri, ìṣísẹ̀ méjìlá péré ni. Dàńdógó gbéra, ó gbé pátákò sókè dáadáa bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó fẹ́ lọ dé ogójì.

Sùwéébátù sáré ṣíwájú, ó fẹ̀yìn ti ògiri búlọ́ọ̀kù. Àyà ẹṣin kàn án níbi tó ṣì ń dùn ún láti ọjọ́sí.

"Méjìlá," ó sọ ọ́ sí i létí. "Méjìlá ló kù, Dàńdógó."

Ó fà á padà sẹ́nu kànga. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún lọ fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń dúró dè é.