Aago Kọ́, Àgò Ni

Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ní Mafoluku fẹ́ sọ mí di wèrè! Látìgbà tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ síbi iṣẹ́, bí mo bá lu aago kí wọ́n lè yà fún mi, ńṣe ni wọ́n tún ń já sójú ọ̀nà.

Láàárọ̀ àná, Ìyá Mardiyah, aládùúgbò wa, dúró digbí síwájú mi. Díẹ̀ ló kù kí n kọ lù wọ́n.

"Màmá, ẹ ò gbọ́ aago ni?" Mo ti ń pariwo.

"Mo gbọ́ ọ, ni mo ṣe dúró. Fún mi ní áísìkírímù méjì."

"Èmi? Ẹ wo táì lọ́rùn mi!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Olúyínká! Ta ló ń lu aago lórí kẹ̀kẹ́ níbí bí kò ṣe aláísìkírímù? Bó o bá fẹ́ ọ̀nà, àgò ni kó o ké. Aago kọ́."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n láàárọ̀ òní mo dán an wò. "Àgò o!"

"Àgò yà!" ni gbogbo wọn dáhùn, ọ̀nà sì là gbayawu. Mo ń ṣe yanga lọ.

Nígbà tí mo ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, tí ooru ti mú mi, aago dún níwájú: gbirin, gbirin! Áísìkírímù! Mo dá kẹ̀kẹ́ dúró sáàárín ọ̀nà, mo nawọ́.

Ni mo bá gbọ́ ohùn Ìyá Mardiyah lẹ́yìn mi:

"Olúyínká, àgò o!"