Ìkùukùu Inú Ẹyinjú

Ojoojúmọ́ ni ìkùukùu inú ẹyinjú Àsúmáù ń ki sí i. Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì mọ ohun tó fà á. Púrótéènì tí a bí mọ́ni wà nínú ẹyinjú títí dọjọ́ ikú, ara kì í pààrọ̀ rẹ̀. Sístéènì, ọ̀kan lára èròjà tó para pọ̀ di púrótéènì náà, ní imí ọjọ́ nínú. Bí a ti ń dàgbà ni ọ́síjìn ń ṣe é bí ó ti ń mú irin dógùn-ún: imí ọjọ́ á so mọ́ imí ọjọ́, púrótéènì á dì, ìmọ́lẹ̀ ò sì ní ráyè kọjá.

Iṣẹ́ abẹ ló kù. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ní kò gbọdọ̀ dá wá, kó mú ẹni tí yóò sìn ín relé. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà. Bí wọ́n bá sì bi í ní mọ́ṣáláṣí Peckham, nílùú òyìnbó tó ń gbé, pé ṣé àlàáfíà ni, "A dúpẹ́" ni ìdáhùn rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ní Jímọ̀ yìí, ó kúnlẹ̀ kí Alhaja kan lẹ́nu ọ̀nà. Alhaja ò dáhùn. Ó tún un kí.

Yusrah, ọmọbìnrin tó ń to bàtà àwọn olùjọ́sìn, bú sẹ́rìn-ín. "Áńtí, kóòtù lẹ̀ ń kí o! Orí ìkọ́ ló wà." Lójijì, ẹ̀rín rẹ̀ dá. "Áńtí, ṣé kò sí o?"

Àsúmáù fẹ́ sọ pé "A dúpẹ́," ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ na ọwọ́ kan kóòtù náà.

"Mi ò ríran mọ́. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní Túsìdeè, mi ò sì lẹ́nì kankan tí yóò sìn mí relé."

"Mi ò ní ṣíìfù níbi iṣẹ́ ní Túsìdeè," Yusrah wí. "Aago mélòó ni ká pàdé?"