Fèrèsé Adúmáadán

Bí irọ́ bá ń so lórí igi bí èso, Bàbá Káfíńtà ni ì bá ni oko rẹ̀ tó tóbi jù láyé. Ọkùnrin náà ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun kan ìṣó mọ́ ògiri lọ́jọ́ kan, agbára òun sì pọ̀ débi pé ìṣó náà yọ sí yàrá ẹni tó múlé ti òun, ìyàwó onítọ̀hún sì ń kọ́ aṣọ sí i fún ọdún mẹ́ta gbáko láìbèèrè ẹni tó ni ín. Ó tún ní òun gé igi kan nígbà ọ̀dọ́ òun, igi náà ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀ sí í wó, ọ̀sán Ọjọ́rú ló tó kanlẹ̀, òun sì ti jẹun ẹ̀ẹ̀mẹfà kó tó dé. Bó bá ti ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ á le koko bí ojú adájọ́. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ló máa ń fi ìhà lélẹ̀ tí wọ́n á máa yí gbirigbiri.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ fèrèsé tó ṣe sí ògiri ilé iṣẹ́ aránṣọ àtijọ́ ni.

Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Wọ́n kó àwọn máṣíìnì tó dára lọ, wọ́n fi èyí tó yarọ sílẹ̀ fún àdán àti eruku. Eruku ibẹ̀ sì nípọn! Bí èèyàn bá sín níbẹ̀ lónìí, ọ̀la ni wọ́n máa tó rí ojú rẹ̀ kí wọ́n tó kí i pé pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ìjọba ní kí àdúgbò gbà á, kí wọ́n sọ ọ́ di ilé gbogbo wọn, níbi tí àwọn àgbà á ti máa jókòó, tí àwọn ọmọ á ti máa kàwé, ọmọbìnrin ayàwòrán-ilé kan dé láti wá bá wọn ṣe é. Gbogbo èèyàn ń retí pé á tú ìwé àwòrán ńlá sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì àti okùn ló yọ jáde nínú àpò.

"Ẹ̀yin lẹ máa yà á," ó wí. "Kí kálukú lọ dúró síbi tó bá fẹ́ wà. Ibi tí ẹ bá dúró sí ni màá fa ìlà yí ká."

Òfin mẹ́ta ló fún wọn. Àkọ́kọ́, wọn ò ní ra ohun tuntun níbi tí ògbólógbòó bá ti lè ṣiṣẹ́. Èkejì, ilé kọ̀ọ̀kan á mú nǹkan kan wá láti ilé ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló le jù: ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan sínú ilé náà gbọ́dọ̀ lè dìde lójú gbogbo àwùjọ kó sọ ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí kò bá lè sọ ìdí, wọ́n á tún un ṣe.

Báyìí ni ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í ya dé. Ẹnì kan mú ilẹ̀kùn báńkì kan tí wọ́n wó wá. Ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e, àmọ́ mẹ́jọ ló ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹsẹ̀ irin àwọn máṣíìnì tó yarọ di ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Pákó orí tábìlì àwọn aránṣọ di ilẹ̀kùn yàrá, àpá abẹ́rẹ́ ṣì wà lára wọn wínniwínni. Bàbá Káfíńtà kò sinmi. Òun ló ń gé, òun ló ń fá, òun ló ń kàn, ẹnu rẹ̀ náà ò sì sinmi. Ó ní ayùn òun mú débi pé bí òun bá gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, pákó á fi ìbẹ̀rù là sí méjì.

Nígbà tó yá, ó tú kọ́bọ́ọ̀dù ilé rẹ̀ palẹ̀, ó fi pákó rẹ̀ ṣe férémù fèrèsé. Ó lu ihò sí ògiri iwájú, èyí tó kọjú sí títì, ó fi férémù náà sí i, ó fi gíláàsì sí i. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

Ìgbà tó parí ni Bíríkìlà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, wá wò ó. Bíríkìlà dúró. Ó tẹ ọrùn. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ tán kí ojú rẹ̀ tó bá títì pàdé.

"Káfíńtà, ta lo ṣe eléyìí fún? Ṣé àwọn ewúrẹ́ náà ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wa ni?"

"Àwọn olè ni mo ṣe é fún," ni Bàbá Káfíńtà dáhùn. "Mo fẹ́ kó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Olè náà ń dàgbà, eékún ń dùn wọ́n."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ayàwòrán-ilé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mú téèpù, ó wọn fèrèsé náà láti ilẹ̀, ó sì wo ojú bàbá náà.

"Bàbá, ó rẹlẹ̀ o. Àgbàlagbà kankan ò lè dúró wo ìta níbí. Kí nìdí tí ẹ fi ṣe é báyìí?"

"Ọmọ mi, ṣé o ò mọ̀ pé ilé yìí ń rì ni? Tó bá di ọdún tó ń bọ̀..."

"Bàbá."

Ọmọbìnrin náà ní, "Ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa ṣèpàdé. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wa nígbà yẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a máa ní láti tú u, ká gbé e sókè." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Òfin ni.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Adúmáadán, ìyàwó Bàbá Káfíńtà, ló ni fèrèsé náà. Ọdún méjìlélógún ló fi ránṣọ nínú ilé yẹn, ó sì ti di ọdún kẹta tó ti papòdà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọkọ rẹ̀ kò wọ inú ilé iṣẹ́ náà rí, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ ẹnikẹ́ni kọjá géètì. Ìta ló máa ń dúró sí lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á sì tẹ aago kẹ̀kẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Bí Adúmáadán bá jáde, òwú á ti lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀, á ní, "Mo gbọ́ aago rẹ láti orí ìjókòó mi. Ògiri títì ni mo kọjú sí, ṣebí o mọ̀. Ká ní wọ́n lu ihò kékeré kan síbẹ̀ ni, ǹ bá máa rí ọ bó o bá dé."

Ihò kékeré kan. Ọkùnrin tó ń lu ihò jẹun láti àárọ̀ ọjọ́ rẹ̀, kò rí ihò kan ṣoṣo lù fún ìyàwó ara rẹ̀ títí ilẹ̀ fi gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìdí nìyẹn tí kò fi lo téèpù lọ́jọ́ tó ṣe fèrèsé. Àga Adúmáadán ló gbé wá láti ilé, ó gbé e ti ògiri, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síbi tí ojú obìnrin náà máa ń wà bó bá jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ó sì gbé àga náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Báwo ni yóò ṣe wá sọ èyí lójú ogójì èèyàn? Ẹni tó ti sọ ìtàn igi tó fi ọjọ́ mẹ́ta wó, bó bá la ẹnu báyìí, wọ́n á ti máa fọwọ́ múra láti di ikùn mú. Bí wọ́n bá sì rẹ́rìn-ín sí èyí, á pa á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹlẹ́sẹ̀ máṣíìnì. Wọ́n bi oníkálukú, oníkálukú dáhùn. Ó kan Bàbá Káfíńtà. Ó dìde, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá sọ ìdí yìí tán, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sunkún, nítorí ilé wa ò tíì ní gọ́tà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀.

"Adúmáadán ló ni ín," ó wí. "Ibẹ̀ yẹn ló jókòó sí fún ọdún méjìlélógún, tó kọjú sí ògiri. Ó ní ká ní ihò wà níbẹ̀ ni, òun ì bá máa rí mi bí mo bá dé. Mo ti lù ú báyìí. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù. Ìyẹn náà ni."

Ẹlòmíràn ń retí ìrù àwàdà náà. Ìrù ò yọ. Bíríkìlà bojú wo ilẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò họ sìmẹ́ńtì gbígbẹ lára sòkòtò rẹ̀.

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìyá Bọ́tìnnì ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ló ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ní ilé iṣẹ́ náà láyé ìgbà yẹn. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Bàbá Káfíńtà, ẹ máà bínú. Ta ló sọ fún yín pé ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni."

"Ọdún méjì àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi lò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn àwọn ọ̀gá kó wa lọ sẹ́yìn lọ́hùn-ún." Ó nawọ́ sí ògiri ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ò tíì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ rárá. "Ogún ọdún, ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n wà. Ògiri yẹn la jọ ń wò."

"Irọ́ ni," ni Bàbá Káfíńtà wí. "Ó máa ń gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ mi."

"Aago wo? Ọgọ́ta máṣíìnì ló ń ké láàárín wa àti títì! Bí wọ́n bá yin ìbọn ní géètì, ẹ̀yìn-ọ̀la la máa tó bi ara wa pé kí ló dún."

"Ó gbọ́ ọ. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún mi."

Ìyá Bọ́tìnnì rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi sì ń lé ròrò lójú rẹ̀. "Wọn ò gbọ́ nǹkan kan, Bàbá. Wọ́n kàn mọ̀ pé ẹ máa wà níbẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ bi wọ́n rí pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún yín pé àyè wọn ti yí padà. Wọ́n ní, 'Ọkọ mi fẹ́ràn aago yẹn jù. Jẹ́ kó máa tẹ̀ ẹ́.'"

Bàbá Káfíńtà ṣírò ọdún náà lọ́kàn. Ogún ọdún! Òun tó ń pe ara rẹ̀ ní ọba irọ́, ìyàwó rẹ̀ ti gbé irọ́ kan ṣoṣo jókòó tì í láàárọ̀ lálẹ́, kò fura.

"Ìtàn yín náà," ni Ìyá Bọ́tìnnì tún wí, "àwọn ló ń sọ ọ́ fún wa bí a bá ń sinmi. Ìṣó yẹn. Kó tó dé etí wa, ilé méje ló ti gbà kọjá, ó ti lu kọ̀ǹdọ́ ọlọ́pàá já."

Ẹ̀rín bú jáde nínú ilé, Bàbá Káfíńtà alára rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lọ́fun rẹ̀ kó tó parí. Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Bíríkìlà ló fọhùn. "Èmi ò rò pé ó yẹ ká fọwọ́ kan fèrèsé yẹn mọ́. Ìdí tó sọ tó ìdí. Àwa la máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ wo ìta."

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ayàwòrán-ilé náà mi orí pé òun gbà. Ohun tí Bàbá Káfíńtà ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ mẹ́rin ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ yìí, kò sì dùn mọ́ ọn mọ́.

"Rárá," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká gbé e sókè. Ibẹ̀ kọ́ ló wà."

"Bàbá, a lè lu òmíràn sí ògiri ẹ̀yìn," ni ọmọbìnrin náà sọ. "Ògiri ilé ìkẹ́rù ló wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á wọlé."

"Má lu nǹkan kan síbẹ̀, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ Ajé, òun àti Bíríkìlà tú férémù náà, wọ́n gbé e sókè, wọ́n fi bíríkì dí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ní títì ń juwọ́ sí wọn láti ìta. Nígbà tí wọ́n parí, Bíríkìlà lọ po sìmẹ́ńtì, nítorí ògiri ẹ̀yìn ló kàn láti rẹ́, kí wọ́n lè kùn ún ní funfun kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó ru sìmẹ́ńtì dé, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Káfíńtà ti gbé àga Adúmáadán sí ibi tí Ìyá Bọ́tìnnì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ fún un pé ibí gan-an ni. Ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Iwájú rẹ̀, bíríkì wà lórí bíríkì. Ọ̀kan ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òróró máṣíìnì ti ta sí òmíràn, ó ti dúdú. Òwú pupa kan há sáàárín méjì, ó kéré, èèyàn ò lè rí i àfi kó jókòó.

"Káfíńtà, kí lò ń wò?"

Bíríkìlà dúró, ó ti ń múra ẹ̀rín sílẹ̀. Ó ń retí pé ògiri náà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tàbí pé ọba mẹ́ta ni wọ́n sin sínú rẹ̀ lóòró.

"Ògiri ni," ni Bàbá Káfíńtà wí.

Bíríkìlà wo ògiri. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó yí padà tòun ti agbada sìmẹ́ńtì rẹ̀, ó rù ú lọ sí ìkángun kejì ilé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ògiri tó wà níbẹ̀.