Iyán Tó Dá Ọ̀dà Dúró

Ẹ bi mí pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń kun inú ilé ní Temple Hills tí à ń gbé l'Amẹ́ríkà níbí, n ó ní ó wà lọ́wọ́ ohun tí pẹ́ńtà bá jẹ lọ́sàn-án. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Díẹ̀ ló kù kí n ya wèrè.

Ọmọ mi Ọlámipọ̀sí ló rí ẹni tí yóò fẹ́. Fisáyọ̀ lorúkọ ọmọkùnrin náà, ọmọ dáadáa, àmọ́ ìyá rẹ̀ ńkọ́? Fort Washington ni wọ́n ń gbé, nílé tí èèyàn ti ń wo odò látinú yàrá. Wọ́n ní tí obìnrin yìí bá dé ilé onílé, á fìka nu orí fìríìjì wò bóyá eruku wà níbẹ̀. Òun ló ní òun ń bọ̀ wá kí wa ní Sátidé. Mo wo ògiri pálọ̀ wa: epo àkàrà rèé, ọwọ́ ọmọdé rèé. Àyà mi já. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú tín-ín-rín ọmọ mi nítorí ògiri.

Mo pe Joel, pẹ́ńtà kan ní Langley Park tí àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi yìn fún mi. Ó wo ilé yíká, ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré. Mo sọ fún màmá mi, tí wọ́n wá láti Ọ̀yọ́ wá bá wa gbé, pé kí wọ́n bá mi fojú sí i tí mo bá wà níbi iṣẹ́.

"Má ṣèyọnu, Adébùnmí. N ó tọ́jú ẹ̀."

Háà! Èmi ni mi ò béèrè irú ìtọ́jú wo.

Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, ògiri kan ṣoṣo ló ti funfun. Joel ní, "Mádàámú, ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí n tó kun ún lẹ́ẹ̀kejì." Ó dáa. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kù kó gbẹ. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún kù kó gbẹ! Mo ní ṣé ọ̀dà ni àbí aṣọ tí wọ́n sá nígbà òjò?

Ní Tọ́sìdeè, mo yọ́ wálé lọ́sàn-án. Kí n tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ni mo ti ń gbọ́ gbì, gbì, gbì láti inú gáràájì. Màmá ti gbé odó kalẹ̀, wọ́n ń gúnyán! Joel ti fọwọ́, ó jókòó. Ó ń fi òkèlè ńláńlá gbé ẹ̀gúsí, ó lá ọwọ́, ó dúpẹ́, ó gbé orí lé garawa ọ̀dà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

"Màmá! Ẹ ń fún pẹ́ńtà níyán lójoojúmọ́?"

"Kí ọmọ ọlọ́mọ máa ṣiṣẹ́ lójú mi, kó máa fi búrẹ́dì gbígbẹ panu? Wọn ò bí mi bẹ́ẹ̀!"

"Ṣùgbọ́n ó ń sùn!"

"Iyán tí ò bá muni sùn, ṣé ìyẹn niyán?"

Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kò gbọdọ̀ síyán mọ́ títí Sátidé yóò fi kọjá. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọn ò kúkú ní àwọn gbà.

Sátidé pé. Ó ku ògiri kan ní pálọ̀. Joel tètè dé, mo sì sáré lọ ra ohun mímu. Kí n tó padà, mọ́tò Màmá Fisáyọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbéra, mo sáré wọlé.

Yéè! Joel nà gbalaja sórí àga, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó ń hanrun. Ìdajì ògiri funfun, ìdajì dọ̀tí. Ọlámipọ̀sí kawọ́ lérí, Fisáyọ̀ ń wo àjà. Ìyá rẹ̀ dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú gèlè rẹ̀.

"Ta nìyí?"

Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti parí, ojú ti tì mí, ọmọ mi ti pàdánù ọkọ. Ni Màmá bá ti ilé ìdáná yọ, wọ́n ń nu ọwọ́.

"Iyán mi ló pa á."

Ìyá Fisáyọ̀ yíjú sí wọn.

"Iyán wo, mà? Oníyẹ̀fun inú páálí yẹn?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Iyán odó."

Obìnrin náà gbé báàgì sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lórí ọ̀rá tí Joel tẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀dà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó ṣẹ́ kù? Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, mi ò tíì jẹ irú ẹ̀."

Ó jẹun, ó tú gèlè, ó ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wo òun. Nígbà tó ṣe, ó fẹ̀yìn ti àga, òun àti Joel bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun síra wọn. Àwa yòókù sá lọ sí ilé ìdáná, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nígbà tó jí, ó wo ògiri náà dáadáa.

"Ìyàwó mi," ó pe Ọlámipọ̀sí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, "ẹ má kán Joel lójú o. Tó bá parí iṣẹ́, ta ni Màmá máa gúnyán fún? Sátidé tó ń bọ̀, màá wá wo ibi tó bá a dé."

Ọlámipọ̀sí ti wà nílé ọkọ báyìí. Joel ò tíì kun ògiri yẹn tán.