Súìtì Ẹ̀pà fún Lois

Ní Kàbà, ọyẹ́ nìkan ló lè mú kí ṣokoléètì dì. Theresa mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ojú rẹ̀ ló ṣe. Obìnrin òyìnbó tó kọ́ ọ ní súìtì ẹ̀pà tí wọ́n ń rì bọ ṣokoléètì, ìyàwó ẹnjiníà tó wá la ọ̀nà, kọ́kọ́ dán an wò nígbà ooru, ohun tí wọ́n bá nínú àwo lọ́jọ́ kejì kò sàn ju ẹrẹ̀ lọ. Nígbà tó di oṣù Kérésì, tí ọyẹ́ ń la ètè, súìtì dì gbagidi. Òyìnbó padà sílùú rẹ̀, iṣẹ́ náà kù sọ́wọ́ Theresa, àwọn aládùúgbò sì fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi sú wọn. Wọ́n á ní kòkó tí gbogbo ayé ń tà, ìyàwó Tíṣà Isaiah ló ń jẹ ẹ́. Àmọ́ bí wọ́n bá ti fi ọ̀kan sẹ́nu báyìí, ẹ̀fẹ̀ á dákẹ́.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí kò ṣe súìtì kankan, láti Kérésì ọdún 1953. Nígbà tí Kérésì ọdún náà ku ọjọ́ mẹ́rin, ó to súìtì sínú àwo, ó gbé e sórí pẹpẹ kó lè dì, ni Lois ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje, bá na ọwọ́ sí i. Theresa gbá a lọ́wọ́. Ó ní, "Dúró dọjọ́ Kérésì." Ara ọmọ náà ti ń gbóná láti ìjẹta, kò sẹ́ni tó kà á sí. Lọ́jọ́ kejì èéyi yọ sí i lára, nígbà tí agogo Kérésì sì fi máa dún, Lois kò sí mọ́. Ìyá ń gbá ọmọ lọ́wọ́ lójoojúmọ́, ta ló ń ronú pé èyí ló máa kẹ́yìn?

Bí ọmọ bá kú, wọn kì í fi ibojì rẹ̀ han òbí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é kí Bíbélì tó dé, Bíbélì dé, wọn ò yí i padà. Wọ́n ní ìyá tó bá fojú kan ibojì ọmọ rẹ̀, òkú náà á tẹ̀lé e wálé, á wá mú èyí tó kù. Èyí tó kù fún Theresa ni Fúnmi, ọmọ ọwọ́ nígbà náà, tó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Nítorí náà kí wọ́n tó sin òkú, wọ́n fi mọ́tò gbé ìyá àti ọmọ ọwọ́ lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Aiyétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ó sì lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Kọ́láwọlé, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló gbẹ́ ilẹ̀. Òun àti ìyá ọkọ nìkan ló mọ ibẹ̀. Isaiah tó jẹ́ bàbá ọmọ kò mọ̀ ọ́n.

Theresa gbà pé oko kòkó wọn ni ibojì náà wà, lójú ọ̀nà Ìkòyí ìtòsí Kàbà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, òun ló fi ọkàn ara rẹ̀ sin ọmọ síbẹ̀. Fún odindi ọdún mẹ́ta kò fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà yẹn, bí ìrìn bá sì tì í síbẹ̀, á yí gba ẹ̀yìn ìlú. Àwọn tó wá kí i nígbà náà ń sọ fún un pé ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Tirẹ̀ kú, ó sì tún nù.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé lọ́dún yìí ni Lois ti ń wá sójú àlá. Kì í sọ̀rọ̀. Á kàn na àtẹ́lẹwọ́, á dúró. Theresa mọ ohun tó ń bèèrè, ojú sì ń tì í láti wo ọwọ́ náà. Ó pinnu pé Lois gbọ́dọ̀ jẹ súìtì rẹ̀ ní Kérésì yìí, bí òun náà kò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti máa fi í fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta sí Kérésì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó yan ẹ̀pà nínú yanrìn gbígbóná, ó bó o, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, ó lọ̀ ọ́ títí òróró fi ń yọ lára rẹ̀. Ó pò ó mọ́ ṣúgà, ó ṣù ú róbótó-róbótó. Kòkó ló ń gba agbára. Bí o bá yan án tó o bó o tán, orí ọlọ tí wọ́n gbé ka ẹyín iná díẹ̀ lo ti máa lọ̀ ọ́, ọlọ tútù kì í jẹ́ kó yọ́. Á kọ́kọ́ dà bí iyẹ̀pẹ̀, á di ẹrẹ̀, apá á fẹ́rẹ̀ẹ́ já, kó tó wá máa ṣàn dúdú. Ìgbà yẹn lo máa tó ti ẹ̀pà bọ̀ ọ́. Theresa kúnlẹ̀ síbi tó máa ń kúnlẹ̀ sí nínú ilé ìdáná, ó ń lọ̀ ọ́, òógùn sì ń kán sílẹ̀ láti iwájú orí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dà bí ẹni pé ẹnì kan mí sí i lọ́rùn. Ó wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Ẹ̀rù bà á gidigidi, ṣùgbọ́n bí ojú bá ń sunkún, á máa ríran, kò dá ọwọ́ dúró.

Nígbà tí Fúnmi wọlé tó na ọwọ́, Theresa yára kó méjì fún un, ṣokoléètì tí kò tíì dì sì yí ọmọ náà lẹ́nu dé imú. Kò lè sọ fún ọmọ pé kó dúró mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, Kọ́láwọlé yà wá. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Kì í wọ ilé ìdáná náà, Theresa sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́ pé èéfín ló ń bẹ̀rù bí ìyàwó tuntun.

"Okun o, ìyàwó wa."

"Okun, ọkọ mi." Ó kó súìtì márùn-ún sínú ewé, ó dì í. "Ẹ bá mi mú èyí lọ fún Lois."

Kọ́láwọlé wo ilẹ̀.

"Mi ò ní kí ẹ fi ibẹ̀ hàn mí o. Mo ní Fúnmi láti tọ́. Ẹ ṣáà gbé e síbẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé ìyé rẹ̀ ní kó máa jẹ ẹ́."

"A kì í gbé oúnjẹ fún ọmọ tó ti lọ, ìyàwó wa. Bí ẹni ń pè é pé kó máa bọ̀ ni."

"Ó ti ń bọ̀. Kò sí àsìkò tí mo sùn tí kò wá."

Kọ́láwọlé na ọwọ́ gba ewé náà. "Ó di ọ̀la, nígbà tí ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Má jẹ́ kí Ìyé gbọ́." Bí wọ́n ṣe ń pe ìyá níbẹ̀ nìyẹn; ìyá tirẹ̀ ló ń sọ, ìyá ọkọ Theresa.

Lọ́jọ́ Kérésì, wọn kò tíì wàásù dé ìdajì tí Fúnmi fi bẹ̀rẹ̀ ẹkún ebi. Theresa fà á lọ́wọ́, wọ́n rọra jáde, ilé kò sì jìnnà. Ó rí i pé ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí sílẹ̀. Kọ́láwọlé wà nínú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ, síbi tí Theresa gan-an máa ń kúnlẹ̀ sí. Ó ti tú ewé. Súìtì márààrún wà lórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó ń sọ pé, "Lois, ìyé rẹ ní kó o máa jẹ ẹ́."

Theresa kọ́kọ́ rò pé ó ti mu ẹmu àmupara ni. Ọkùnrin náà wá gbójú sókè, ó rí i, ojú rẹ̀ sì yí padà débi pé kò sí ohun tó kù láti bèèrè. Síbẹ̀ ó bèèrè.

"Níbí?"

"Ìyé ló ní ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ dá wà lóko. Ó ní kí ó wà nítòsí rẹ. Ó ní a ò ṣáà fi hàn ọ́, a ò rú òfin."

Ìgbà tí Theresa ti Aiyétòrò dé, ó bá ilẹ̀ ìdáná náà ní títún ṣe, wọ́n ti lù ú dán, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó rántí pé ìyá náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gúnyán níbẹ̀, tó ń kọrin, tó ń bá ọkọ jà níbẹ̀, tó wá ń sá fún oko tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì jókòó sílẹ̀.

Ibi tó jókòó sí ló ti rí Fúnmi. Ọmọ tí ebi ń pa ti já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó ti mú súìtì kan nílẹ̀ nínú ti Lois, ó sì ti ń jẹ ẹ́.

Kọ́láwọlé gbá a lọ́wọ́, ó ti pẹ́ jù. Ọmọ náà ti gbé e mì.

"A gbọ́dọ̀ sọ fún Ìyé," Kọ́láwọlé wí. "O ti rí ibẹ̀, ọmọ sì ti jẹ níbẹ̀. Àfi ká hú u, ká gbé e lọ sọ́nà jíjìn."

"Ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Fúnmi ńkọ́?"

Theresa fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹnu ọmọ náà, ó tún un nù, títí ọmọ fi ní ó ń dun òun.

Ní ọjọ́ kẹta, Fúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n ní ọyẹ́ ni, gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń wúkọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ara rẹ̀ ń jó bí iná. Ìyá ọkọ wọlé, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọmọ náà lọ́rùn, ó sì tẹjú mọ́ Theresa.

"Ìyé Fúnmi, ṣé kò sí ohun tó o rí?"

Bí ó bá sọ ọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n á ti hú Lois gbé lọ síbi tí òun kò ní mọ̀ láéláé. Bí kò bá sì sọ ọ́, Fúnmi nìyí lórí ẹní, tó ń mí gúlegúle.

"Kò sí, Ìyé," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n po ògì fún un."

Ó wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. Ó gbé omi kaná, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀.

"Lois, mo bẹ̀ ọ́," ó rọra sọ ọ́. "Fi àbúrò rẹ sílẹ̀ fún mi. Ìwọ náà, má lọ."

Omi hó, ó ń ta dànù sínú iná. Nínú yàrá, Fúnmi tún wúkọ́, Theresa kò sì tíì lè dìde.