Matilda Ṣe Ọkùnrin Tó Gbá A Létí

Ọjọ́ tí ìyàwó Bọ́dúnrìn kú sórí ìkúnlẹ̀ ni ọkùnrin náà gbá Nọ́ọ̀sì Matilda létí ní ọsibítù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún 1987 ni. Láti àárọ̀ ló ti gbé ìyàwó rẹ̀ wá láti Ayépé. Gbogbo ìgbà tó bá béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí, "Ẹ lọ dúró síta" ni Matilda ń wí, torí iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tí obìnrin náà kú, ẹnu àwọn tó ń gbé òkú lọ ni ọkọ ti gbọ́. Ọlọ́pàá mú un lẹ́yìn ìgbátí náà, etí Matilda sì ń hó fún ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ká Mátíróònù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, lára. Ó ránṣẹ́ pe Ọ̀gbẹ́ni Adébóyè, olùkọ́ eré orí ìtàgé, pé kó wá fi eré kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe lè máa paná ìjà. Wọ́n to bẹ́ǹṣì sí yàrá ìjẹun.

"Eré yìí kì í ṣe ti ìwòran," ni Adébóyè wí. "Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́, ẹ kígbe pé 'Ó tó!' kẹ́ ẹ wá gba ipò ẹni náà, kẹ́ ẹ ṣe é bó ṣe yẹ. Ta ló máa ṣe ọkọ aláboyún?"

Matilda fúnra rẹ̀ ló dìde.

"Ṣó dá ẹ lójú?" Sísítà Helen, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn agbẹ̀bí, ló béèrè.

"Ó dá mi lójú, mà."

Rose, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ṣe nọ́ọ̀sì. Matilda lọ bá a. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni ìyàwó mi?"

"Ẹ lọ dúró síta."

Ó rìn lọ síbi ògiri, ó padà wá. Ìdáhùn kan náà ni. Nígbà tó tún padà wá, Rose ò tiẹ̀ gbójú sókè. Kí Matilda tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti gòkè. Ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.

"Ó tó!" Sísítà Helen jáde wá. Ó ní kí Rose yẹra, ó fa àga méjì. "Ẹ jókòó, sà. Èmi náà á jókòó tì yín." Ó jókòó. "A sa gbogbo ipá wa. Ìyàwó yín ti ṣaláìsí. Mi ò ní fi yín sílẹ̀."

Matilda bojú, ó sunkún. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Mátíróònù bi Matilda lẹ́yìn náà bóyá kí wọ́n yọ ẹjọ́ Bọ́dúnrìn kúrò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

"Kí wọ́n yọ ọ́, mà. Ó ṣì ń dùn mí o. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún un, èmi ló sì yẹ kí n sọ ọ́."

Nígbà òjò, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sàúdátù gbé ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣàìsàn wá láti Ìmùṣin. Ọmọ náà kò yè é. Matilda ò rán ẹnikẹ́ni. Ó jáde lọ bá ìyá náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó tì í lórí sìmẹ́ńtì, ó sì rọra sọ fún un. Sàúdátù di aṣọ funfun Matilda mú, ó ń mì í, ó ń kígbe pé kí wọ́n dá ọmọ òun padà. Matilda ò já ara rẹ̀ gbà. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí àwọn ará ilé obìnrin náà fi dé.