Aròkọ Aníwúrà Lọ́dún Wẹ́tíẹ̀

Òórùn èéfín kò tíì kúrò lára aṣọ ilé-ìwé Aníwúrà nígbà tó wọlé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì l'Ókìtìpupa, níparí ọdún 1965, nígbà rògbòdìyàn ìbò tí wọ́n ń pè ní wẹ́tíẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn jàǹdùkú olóṣèlú sun bàbá rẹ̀ mọ́lé l'Óde-Ayé. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́.

"Aròkọ kan ṣoṣo lẹ máa mú," ni Tíṣà Adébọ̀wálé tó ń ṣọ́ wọn wí. "Ìbéèrè kìíní, ẹ hun ìtàn látinú orí yín. Ìkejì, ẹ ròyìn ohun tẹ́ ẹ fojú rí. Ẹ kọ nọ́ńbà èyí tẹ́ ẹ mú sétí ìwé o, kí ẹni tó máa máàkì lè mọ èyí tó ń kà."

Aníwúrà ti há ìtàn kan sórí láti ọdún tó kọjá, ìtàn ọmọ òrukàn tó di nọ́ọ̀sì. Ìtàn náà korò lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Òótọ́ ló mú. Ó fẹ́ kí ẹnìkan, níbikíbi tí ìwé náà bá dé, mọ bí bàbá òun ṣe kú.

Ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ, bó ṣe fojú ara rẹ̀ rí i. Wọ́n fi ọmọ odó há ilẹ̀kùn láti ìta. Wọ́n da pẹtiróòlù sí ibi tí igi òrùlé ti pàdé ògiri, torí ibẹ̀ ni iná ti ń rí afẹ́fẹ́ fà. Epo pupa ni bàbá ń ṣe, àgbá epo sì kún yàrá ẹ̀yìn. Àwọn aládùúgbò sáré bu omi, wọ́n dà á lé epo tó ń jó. Àánú ló ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n omi a máa rì sábẹ́ epo gbígbóná, a hó lẹ́ẹ̀kan náà, a sì gbé iná fò. Iná fò dé àjà. Bàbá ké títí ohùn fi há. Aníwúrà wá kọ orúkọ ẹni tó ṣáná: Lucas, ọmọ Ìjù-Odò, tó ti kàwé nílé-ìwé yìí kan náà rí.

Ilẹ̀kùn yàrá ìdánwò fọ́ wọlé. Lucas fúnra rẹ̀ ni, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú àdá.

"Tíṣà alátakò! Ṣé ẹ rò pé a ò ní dé ọ̀dọ̀ yín ni?"

Ó fi èèkù àdá gbá Tíṣà lẹ́nu. Eyín fò jáde. Àwọn yòókù fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lucas ń rìn láàárín àwọn tábìlì, ó dúró.

"Aníwúrà! Ìwọ náà ń kọ̀wé? Orí ẹ mà le o."

Ó já ìwé náà gbà. Ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á. Ó dé orí orúkọ ara rẹ̀.

"Kò sí nọ́ńbà níbí. Ìtàn ni, àbí òótọ́?"

"Bùọ̀dá Lucas, ẹ jọ̀ọ́…"

"Mi ò ní kó o kí mi." Àdá kan ọrùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú ya á," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

"Tí mo bá ya á, a jẹ́ pé òótọ́ ni. Kó fọwọ́ ara ẹ̀ sọ ọ́ dirọ́."

Aníwúrà kọ ení, nọ́ńbà ìtàn, sétí ìwé.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìtàn a sì máa dùn níparí. Kọ ọ́ pé bàbá náà dìde, ó gbọnra, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá."

"Kó jẹ pupuru!" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ Aníwúrà dúró. Lucas sọ àdá kalẹ̀ lé ẹ̀yìn ọwọ́ òsì rẹ̀ tó wà lórí tábìlì. Ẹran là. Aníwúrà kọ ọ́, títí dé orí pupuru.

Wọ́n wọ́ Tíṣà jáde. Igbe rẹ̀ ń dún níta, kùmọ̀ ń dún lé e, títí ọkọ̀ wọn fi gbéra. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fò jáde lójú fèrèsé.

"Aníwúrà, dìde ká sá!" Àìná, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń fà á láṣọ. "Ta ló tún máa gbàwé?"

Aníwúrà fi etí aṣọ wé ọwọ́ òsì. Ó fi rúlà fa ìlà gba orí irọ́ àjíǹde àti oúnjẹ náà kọjá, ó fagi lé ení, ó kọ èjì. Ó kọ sísàlẹ̀ pé bàbá òun kò dìde.

Tíṣà rákò wọlé, ojú rẹ̀ wú. Ó nawọ́ gba ìwé náà, ó kà á.

"Orúkọ Lucas yìí ńkọ́, ọmọ mi? Wọ́n lè padà wá."

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, sà."